Bí Ìgbésí Ayé Eléré Idà Fọ́ìlì Ṣe Ń Lọ

Ẹni tí ó bá fẹ́ lóye bí iṣẹ́ eléré fọ́ìlì, idà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a fi ń ṣe eré ìfidàjà (fencing), ṣe rí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí idà náà ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mú un dání, nítorí òfin rẹ̀ ni ó ń pinnu iye ọdún tí ènìyàn yóò fi kọ́ ọ àti ọjọ́ orí tí ó lè máa jà dé. Fọ́ìlì kì í wúwo ju gíráàmù 500 lọ, gígùn rẹ̀ kì í sì í kọjá sẹ̀ǹtímítà 110. Ṣóńṣó orí rẹ̀ nìkan ni a fi ń gba ayò. Àyà, ikùn, ìhà àti ẹ̀yìn ni ibi tí ó tọ́ láti gún. Eléré máa ń wọ ẹ̀wù tí a fi okùn onírin hun lé aṣọ ìjà rẹ̀ lórí, wáyà sì ń gba inú apá aṣọ náà láti ìdí idà lọ sí ẹ̀rọ tí ń tan iná. Bí ṣóńṣó idà bá ba ẹ̀wù onírin náà, iná aláwọ̀ yóò tàn. Bí ó bá jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀ ni ó bà, iná funfun ni yóò tàn, ìjà yóò dúró, ẹni tí ó gún un kò sì ní rí ayò gbà.

Ṣùgbọ́n iná nìkan kọ́ ni ó ń fúnni ní ayò nínú fọ́ìlì. Bí iná àwọn méjèèjì bá tàn pa pọ̀, rẹfirí ni yóò sọ ẹni tí ẹ̀tọ́ ìkọlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ na apá, tí ṣóńṣó idà rẹ̀ sì ń halẹ̀ mọ́ alátakò bí ó ti ń bọ̀ níwájú, ni ó ni ẹ̀tọ́ náà, àfi bí alátakò bá fi idà tirẹ̀ gbá a dànù. Lójú ẹsẹ̀ tí ó bá ti gbá a dànù, ẹ̀tọ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì lè gún un padà. Nítorí náà, ọ̀jáfáfá máa ń ṣe bí ẹni tí ó fẹ́ gún àyà, yóò dúró kí alátakò gbé ọwọ́ láti gbá idà náà, yóò wá yí ṣóńṣó rẹ̀ gba abẹ́ ọwọ́ náà kọjá, yóò sì gún ìhà tí ó ṣí sílẹ̀. Ìka àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá ń fi èjìká ṣe é yóò pẹ́ jù. Mímọ ìgbà tí alátakò fẹ́ gbé ọwọ́ ni ó nira jù lọ láti kọ́, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sì ń gbà.

Òfin fúnra rẹ̀ sì lè yí padà mọ́ eléré lọ́wọ́. Láàárín ọdún 2004 sí 2005, àjọ FIE tí ń ṣàkóso eré yìí lágbàáyé láti ọdún 1913 fi kún àkókò tí ṣóńṣó idà gbọ́dọ̀ fi tẹ ara kí iná tó tàn, ó di nǹkan bí ìdá 14 nínú 1000 ìṣẹ́jú-àáyá. Ó dà bí ohun kékeré. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bí a ṣe ń ju idà bí ẹgba kí ṣóńṣó rẹ̀ lè ba ẹ̀yìn alátakò rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ọgbọ́n wọn kò tan iná mọ́, wọ́n sì ní láti tún ọwọ́ wọn kọ́.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń dé òkè máa ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Ìsọ̀rí ọmọdé tí ó ní ìdíje àgbáyé tirẹ̀ wà fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 17, èyí tí ó tẹ̀ lé e wà fún àwọn tí kò tíì pé 20, lẹ́yìn náà ni ìsọ̀rí àgbà. Láàárín gbogbo èyí, ẹ̀kọ́ ojúkojú pẹ̀lú olùkọ́ni ni òpómúléró: olùkọ́ni yóò wọ ẹ̀wù ìdáàbòbò tí ó nípọn, yóò sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gún òun lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, títí ìṣe náà yóò fi di ti ara.

Nígbà tí eléré bá ti wọ ìsọ̀rí àgbà, máàkì ipò lágbàáyé ni ó ń darí ọdún rẹ̀. Ẹni tí ó gba World Cup kan, ìyẹn ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ ìdíje tí ó ń wáyé káàkiri ayé lọ́dọọdún, ń gba máàkì 32, Grand Prix, tí ó ga jù ú lọ, ń fúnni ní 48, ìdíje àgbáyé (World Championships) sì ń fúnni ní 80. Máàkì wọ̀nyí kì í wà títí: bí ìdíje kan náà bá tún wáyé ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ti àná yóò kúrò, ti tuntun yóò rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó gba ife ẹ̀yẹ lọ́dún yìí ni yóò pàdánù jù lọ bí ó bá tètè já lọ́dún tí ń bọ̀. Àwọn 16 tí ó wà lókè jù lọ kì í jà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ World Cup. Ẹni tí ó wà ní ipò 17 ní láti kọ́kọ́ ja àwọn ìjà kéékèèké oláyò márùn-ún nínú àwùjọ, kí ó tó dé ibi ìjà oláyò 15, tí ó jẹ́ ìpele mẹ́ta oníṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta.

Ọ̀nà Òlíńpíìkì há ju èyí lọ. Ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ni ó ń yege, àwọn mẹ́ta-mẹ́ta tí ó wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń bá a lọ nínú ìjà ẹnìkọ̀ọ̀kan; àwọn yòókù ń du àyè díẹ̀ tí a pín fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Láti inú ẹkùn Áfíríkà ni Alaaeldin Abouelkassem ti Íjíbítì ti jáde gba fàdákà fọ́ìlì ní London ní ọdún 2012, àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí ọmọ Áfíríkà gbà nínú eré yìí, Ines Boubakri ti Tùnísíà sì gba idẹ ní Rio ní ọdún 2016.

Owó inú rẹ̀ kò tó láti fi jẹun fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní Ítálì, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá àti ológun ní ẹgbẹ́ eré ìdárayá tí ó ń gba eléré síṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, yunifásítì ni ọ̀pọ̀ ń gbà kọjá. Lee Kiefer, tí ó gba wúrà ẹnìkọ̀ọ̀kan ní Tokyo àti ní Paris, wà nílé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn lásìkò tí ó ń díje.

Ewu náà wà, bí ó tilẹ̀ ti dín kù gan-an. Ní ìdíje àgbáyé ti ọdún 1982 ní Róòmù, idà fọ́ìlì ṣẹ́, ó sì gba inú ìbòjú Vladimir Smirnov ti Soviet Union wọlé, ó sì kú. Láti ìgbà náà ni irin idà, aṣọ àti ìbòjú ti le sí i. Lónìí, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ ni ó sábà máa ń dá eléré dúró.

Nítorí pé ojú àti ìdájọ́ ń mú sí i bí ẹsẹ̀ ṣe ń lọ́ra, iṣẹ́ yìí lè pẹ́. Valentina Vezzali ti Ítálì gba wúrà Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ ní ọdún 1996, ó bímọ ní oṣù kẹfà ọdún 2005, ó sì gba wúrà ìdíje àgbáyé ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà. Ọdún 2016 ni ó fi ìdíje sílẹ̀, lẹ́ni ọdún 42, pẹ̀lú wúrà Òlíńpíìkì mẹ́fà. Lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn kan ń di olùkọ́ni tàbí rẹfirí, àwọn mìíràn sì ń bá ìjà lọ nínú ìsọ̀rí àwọn àgbàlagbà, èyí tí ó ń bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ 40 ọdún.