Aṣọ Ibùsùn Lára Ògiri: Ibi Tí Àkànṣe Ètò Inú Àjọ̀dún Sinimá LGBTQ Ti Ṣẹ̀

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, nínú oṣù Mẹ́ta, èmi àti àbúrò mi obìnrin jókòó sí pálọ̀ mi ní Kubwa, ní Abuja, a fa kọ́tìnì, a tan láptọ́ọ̀pù. Iná ti lọ. Jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì ń pariwo débi pé ẹni tó wà níta kò lè gbọ́ ohun tí à ń wò, inú mi sì dùn sí ariwo náà lọ́jọ́ yẹn. Fíìmù kúkúrú márùn-ún ni. BFI Flare, àjọ̀dún sinimá LGBTQ (ìyẹn àwọn tó ń fẹ́ akẹgbẹ́ wọn àti irú wọn) ti ìlú London, ló bẹ̀rẹ̀ ètò náà pẹ̀lú British Council ní ọdún 2015: wọ́n á kó fíìmù márùn-ún sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹni tí kò lè dé London náà lè rí i. Nígbà tí ó parí, àbúrò mi wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló kọ́kọ́ ronú pé kí wọ́n ṣa fíìmù kéékèèké jọ fún irú àwa yìí?"

N kò rí èsì tó kún fún un. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá a kiri.

San Francisco ní Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀, kì í sì í ṣe nínú ilé sinimá. Ṣọ́ọ̀bù kámẹ́rà kan wà ní àdúgbò Castro. Harvey Milk ló ni ín, ọkùnrin tí wọ́n dìbò yàn sí ìgbìmọ̀ ìlú náà ní oṣù Kọkànlá ọdún 1977, tí wọ́n sì yìnbọn pa ní oṣù Kọkànlá ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kámẹ́rà Super 8 ya fíìmù máa ń gbé róòlù wọn wá síbẹ̀ fún fífọ̀. Daniel Nicoletta ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Òun àti Marc Huestis, tí òun náà ń ya fíìmù, wà lára àwọn tó dá àjọ̀dún sinimá LGBTQ ti ìlú náà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ róòlù yẹn díẹ̀, torí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹsẹ̀ bàtà 50 ni gígùn róòlù Super 8 kan, kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ kó tó tán. Ẹni tí kò lówó kò lè ya ohun gígùn. Fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kún ọwọ́ wọn, kò sì sí ilé sinimá tí yóò ta tíkẹ́ẹ̀tì lórí ìṣẹ́jú mẹ́ta, pàápàá nípa ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin. Àfi kí wọ́n so wọ́n pọ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 1977, wọ́n kó wọn lọ sí gbọ̀ngàn kan ní òpópónà Page, wọ́n ta aṣọ ibùsùn mọ́ ògiri, wọ́n sì tan iná ẹ̀rọ sí i. Bí àjọ̀dún tí à ń pè ní Frameline lónìí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí irú rẹ̀ tó pẹ́ tó o tó ṣì ń lọ láyé.

Àwọn kan máa ń rò pé ènì ni àkànṣe ètò nínú àjọ̀dún sinimá, pé fíìmù gígùn ni ọjà, pé fíìmù kúkúrú, ìjíròrò àti ìpàdé kéékèèké ni wọ́n fi ń ṣe ènì. Níhìn-ín, ohun tí wọ́n ń pè ní ènì yẹn gan-an ni ọjà. Kò tíì sí fíìmù gígùn kankan nílẹ̀ nígbà tí aṣọ ibùsùn ti wà lára ògiri.

Àwa Yorùbá mọ ọ̀rọ̀ aṣọ yìí dáadáa. Nígbà tí fíìmù Yorùbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde lẹ́yìn ọdún 1976, àwọn tó ṣe é fúnra wọn ló ń gbé róòlù kiri láti ìlú dé ìlú, wọ́n á ta aṣọ funfun sí gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti ilé-ìwé, wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà gba owó, torí wọn kò gbọ́dọ̀ fi róòlù lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Kó tó dìgbà náà rárá ni Hubert Ogunde ti ń kó eré ìtàgé wá sí Àríwá níbí. Nígbà tó ṣe eré lórí ìyanṣẹ́lódì ọdún 1945, ìjọba òyìnbó fòfin dè é ní Jos. Ẹ rí i pé kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń bẹ̀rù èèyàn tó kóra jọ síwájú eré.

Ọdún 1986 ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn San Francisco. Títí di ìgbà náà, fíìmù ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àjọ̀dún náà. Lọ́dún yẹn, wọ́n ya ètò fíìmù kúkúrú kan sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin ní ilé sinimá Roxie. Lára fíìmù ọjọ́ náà ni ti Midi Onodera, obìnrin ọmọ Kánádà, tó pín ojú àwòrán sí méjì, tó sì pín ìtàn rẹ̀ sí mẹ́ta. Nínú ọ̀kan lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọkùnrin méjì ló jáde, nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ariwo sọ. Àwọn obìnrin figbe ta, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dìde, wọ́n jáde lọ. Àyè díẹ̀ tí wọ́n fún wọn nìyí, ọkùnrin tún wọ inú rẹ̀! Àánú Onodera ṣe mí, torí obìnrin bíi tiwọn ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n ìbínú àwọn yẹn yé mi. Kì í ṣe fíìmù yẹn ló bí wọn nínú tó bí ọdún mẹ́sàn-án tó ti kọjá. Lẹ́yìn ìjà yìí ni àwọn tó ń ṣa fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú kí ti obìnrin àti ti ọkùnrin dọ́gba.

Ní ọdún 1987, Sarah Schulman àti Jim Hubbard dá àjọ̀dún MIX sílẹ̀ ní New York fún àwọn fíìmù tí kò tẹ̀ lé ìlànà ẹnikẹ́ni. Ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún fíìmù LGBTQ ní ẹ̀bùn Teddy nínú àjọ̀dún sinimá Berlin. Manfred Salzgeber àti Wieland Speck ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀bùn yìí ń bọ̀ wá kàn wá níwájú.

Ilẹ̀ Áfíríkà náà kò kẹ́yìn. Wọ́n dá àjọ̀dún Out in Africa sílẹ̀ ní South Africa ní ọdún 1994, ọdún tí òfin tuntun wọn dáàbò bo àwọn tó ń fẹ́ akẹgbẹ́ wọn. Ní Kenya, ìjọba fòfin de fíìmù Rafiki ti Wanuri Kahiu ní ọdún 2018, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ gíga tú u sílẹ̀ fún ọjọ́ méje péré. Èèyàn kún ilé sinimá ní Nairobi láàárín ọjọ́ méje yẹn.

Èyí tí mo sọ fún àbúrò mi tó fi lanu ni ti Beijing. Ọdún 2001 ni irú àjọ̀dún yìí bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọlọ́pàá sì máa ń lé wọn kúrò ní gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn. Ní ọdún 2014, wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ wo fíìmù ìṣíde gbé láptọ́ọ̀pù wọn wá sí ibùdókọ̀ ojú irin. Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n jókòó bí èrò yòókù, nígbà tó sì tó àkókò, gbogbo wọn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ìtàn yìí, mi ò tíì wọ ọkọ̀ ojú irin láti Idu ní Abuja lọ sí Rigasa ní Kaduna kí n má wo àwọn tó tẹ́ láptọ́ọ̀pù sórí itan, kí n sì máa ronú ohun tí wọ́n ń wò.

Ní tiwa ńkọ́? Ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó de ìgbéyàwó akọsákọ àti abosábo. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún ìgbéyàwó. Apá tó kan sinimá ni pé ẹni tó bá dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ tàbí tó kópa nínú rẹ̀, tàbí tó fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba, yóò lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10. Òfin Ṣàríà tún wà lórí rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ 12 ní Àríwá, Kano sì ní àjọ tirẹ̀ tó ń yẹ fíìmù wò láti ọdún 2001. Ta ni yóò fi gbọ̀ngàn yáni lábẹ́ irú òfin yìí?

Nítorí náà ni fíìmù wa fi ń gba òkèèrè wálé. Ní ọdún 2020, Uyaiedu Ikpe-Etim darí fíìmù kan tí Pamela Adie gbé jáde, nípa obìnrin méjì àti ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n fi jọ wà. Orúkọ àwọn méjèèjì kì í ṣe orúkọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwa ni wọ́n fi pè é: Ìfẹ́. NFVCB, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Abuja níbí, halẹ̀ pé ẹ̀wọ̀n ni bí wọ́n bá gbé e jáde láìgbàṣẹ. Toronto ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í hàn, nínú àjọ̀dún Inside Out, kó tó bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, fíìmù Babatunde Apalowo nípa ọkùnrin méjì ní Èkó gba ẹ̀bùn Teddy ní Berlin, èyí tí mo ní ó ń bọ̀ wá kàn wá. Orí mi wú nígbà tí mo gbọ́. Lẹ́yìn náà ó dùn mí pé ní Jámánì ni wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún un.

Gbogbo èyí ni mo rò fún àbúrò mi nígbà tó tún wá kí mi láti Mararaba. Kò sọ nǹkan kan títí mo fi dákẹ́. Ó dìde, ó lọ sí yàrá mi, ó gbé aṣọ ibùsùn funfun kan jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó nà án síbi ògiri tó wà lókè àga gígùn, ó sì ń fojú wọ̀n ọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ṣé ẹ ní ìṣó nílé?"