Àpò Àgékù Aṣọ: Bí Wọ́n Ṣe Ń Rán Aṣọ Ìbora Alábùlẹ̀ ní Ìpele-Ìpele

Lábẹ́ tábìlì télọ̀ n'Íbàdàn, ì báà ṣe ní Mọ́kọ́lá tàbí l'Ápẹ́tẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ibi tí a kò ti ní bá àpò kan. Àgékù aṣọ ló kún inú rẹ̀: ànkárá aṣọ ẹbí tí ìnáwó rẹ̀ ti kọjá láti ọdún mẹ́ta, etí léèsì, apá bùbá tí ọmọṣẹ́ ṣì gé, abala àdìrẹ tí kò tó fìlà. Ààtàn ló sábà máa ń gba irú àpò bẹ́ẹ̀ nígbẹ̀yìn. Inú rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Aṣọ ìbora alábùlẹ̀, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní quilt, kì í ṣe aṣọ kan. Aṣọ mẹ́ta ni, tí wọ́n tò léra. Ti òkè ni wọ́n ń fi abùlẹ̀ oríṣiríṣi rán, òun lojú ń rí. Ti àárín ló ń mú ooru wá. Ti ìsàlẹ̀ ni yóò kan ara ẹni tó bá bò ó. Òwú tí abẹ́rẹ́ fà gba inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá ló sọ wọ́n di ọ̀kan. Àwọn kan máa ń ya bátánì kí wọ́n tó fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì: wọ́n á ti mọ iye abùlẹ̀, àwọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ibi tí yóò jókòó sí. Ọ̀nà kejì kò ní bátánì. Ohun tó wà lórí tábìlì lónìí ló máa sọ ohun tí wọ́n máa rán mọ́ ọn lọ́la. Ọ̀nà kejì yìí ló sì bá ẹgbẹ́ aránṣọ orí WhatsApp mu jù, níbi tí kálukú ti ń rán aṣọ tirẹ̀ ní ìpele-ìpele, bó tilẹ̀ jọ iṣẹ́ àdáṣe.

Bó ṣe ń lọ rèé. Ẹnì kan ni aṣáájú. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì tàbí lóṣooṣù, á fi iṣẹ́ kan ṣoṣo sínú ẹgbẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ tí fọ́tò gbọ́dọ̀ dé. Kálukú á rán tirẹ̀ nílé, láti inú àpò tirẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, fọ́tò nìkan ló ń rìn. Bí ọjọ́ bá pé, aṣáájú á fi iṣẹ́ tó kàn síta. Kò ní sọ ọ́ ṣáájú, bí wọ́n tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ dá wọn lágara. Ẹni tó bá mọ̀ pé ìpele tó kẹ́yìn ló máa gbayì jù á ti tọ́jú aṣọ tó rẹwà jù dè é, á wá fi èyí tí kò wù ú ṣe àárín. Bẹ́ẹ̀ àárín lojú ń kọ́kọ́ bọ́ sí. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń bọ̀ kò rí nǹkan kan tó máa fi aṣọ rere pamọ́ dè. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá: ẹni tó kọ́kọ́ rán agọ̀ eégún kan kò mọ bí yóò ṣe rí lẹ́yìn ogún ọdún, nítorí abala tuntun ni ìdílé ń rán lé ti àtijọ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Ọwọ́ aṣáájú ni ọ̀pọ̀ nǹkan wà. Iṣẹ́ tó dáa máa ń di ọwọ́ kan, á tú èkejì sílẹ̀. "Ẹ fi ilà, ìyẹn abala aṣọ tóóró, tí kò fẹ̀ ju ìnṣì méjì lọ yí aṣọ yín ká, kí ẹ̀gbẹ́ kan yàtọ̀ sí mẹ́ta yòókù." Iṣẹ́ tó dáa nìyẹn: ó sọ ìwọ̀n, kò sọ àwọ̀. "Ẹ ṣe ohun tó bá wù yín" kì í ṣe iṣẹ́ rárá. Ọ̀sẹ̀ méjì á kọjá, fọ́tò méjì péré ló máa wọlé. "Ẹ lo pupa àti búlúù" náà kò dáa, torí ẹni tí yẹ́lò kún inú àpò rẹ̀ á gba Gbági lọ láti ra aṣọ tuntun. Gbági kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, àmọ́ ta ló débẹ̀ rí tó ra ọ̀pá kan péré?

Kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó jáde, aṣọ ti gbọ́dọ̀ di fífọ̀. Eléyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó. Àdìrẹ tí wọ́n rẹ sínú aró máa ń ṣí. Bí wọ́n bá rán an mọ́ funfun láìfọ̀ ọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ aṣọ náà ni funfun máa di búlúù játijàti. Omi tútù ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, léraléra, títí omi á fi mọ́. Ànkárá tuntun ní sítáàṣì lára. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ á yọ ọ́, bí aṣọ bá sì máa sún kì, á ti sún kì kí wọ́n tó rán an. Aṣọ òkè, irú èyí tí wọ́n ń tà l'Ójé, kò ṣe é fọ̀ bẹ́ẹ̀. Kété tí sísọ́ọ̀sì bá ti kàn án ni òwú etí rẹ̀ máa ń tú, nítorí náà wọ́n máa ń lọ gọ́ọ̀mù sítéè mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó gé e. Ní ti léèsì tó ní ihò, kí wọ́n dá a padà sínú àpò ló dáa jù.

Iṣẹ́ kìíní sábà máa ń jẹ́ àárín. Kálukú á mú abùlẹ̀ mẹ́rin sí méje, á gé wọn láìlo rúlà, á rán wọn pọ̀, ìgbà yẹn ni á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi rúlà gé etí wọn di onígun mẹ́rin, ká ní ìnṣì 10. Gígé láìlo rúlà yàtọ̀ sí gígé wúruwùru. Ẹni tó ń gé e fẹ́ kó lọ tààrà. Wíwọ́ díẹ̀ tí ọwọ́ èèyàn bá fi kún un ni wọ́n ń wá. Bí abùlẹ̀ kan bá kúrú, wọ́n á rán òmíràn mọ́ ọn lórí. Bó bá gùn, wọ́n á gé e.

Láti àárín yìí ni aṣọ yóò ti máa fẹ̀ síta. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú abúlé Gee's Bend, ní ìpínlẹ̀ Alabama l'Amẹ́ríkà, ti ń rán an báyìí tipẹ́, láti ara ṣòkòtò iṣẹ́ oko àti aṣọ tó ti gbó, kí òtútù má baà pa ará ilé wọn. Orúkọ tó túmọ̀ sí òrùlé ilé ni wọ́n ń pe èyí tí ilà rẹ̀ ń yí àárín kan ṣoṣo ká. Ní 2002, wọ́n gbé iṣẹ́ wọn kọ́ sára ògiri ilé iṣẹ́ ọnà ní Houston àti New York. Ní 2006, ó dé orí sítáǹpù ìwé Amẹ́ríkà. Látìgbà náà ni ọ̀pọ̀ aránṣọ tó ń fi rúlà gé abùlẹ̀ ti ń gbà pé ilà tó wọ́ kò túmọ̀ sí pé ẹni tó rán an kò mọṣẹ́.

Ìṣirò ni ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àwọn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ju bátánì nù, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ yìí ti ń le jù. Ojú ìrán máa ń jẹ aṣọ. Ìdámẹ́rin ìnṣì ni wọ́n ń fi sílẹ̀ létí abùlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà, níbi tí abùlẹ̀ méjì bá ti pàdé, ààbọ̀ ìnṣì ti lọ. Ká ní ilà 12 wà nílẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ìnṣì 2.5. Lórí tábìlì, ìnṣì 30 ni. Ojú ìrán 11 ló máa wà láàárín wọn, wọ́n á sì jẹ ìnṣì 5.5. Ìnṣì 24.5 ló kù. Ẹni tó ti gé aṣọ ìnṣì 30 sílẹ̀ dè é á wá máa bínú sí máṣínì. Télọ̀ tó mọ aṣọ wíwọ̀ rán dáadáa náà máa ń ṣubú síbí yìí, torí ìnṣì kan gbáko ló ti mọ́ ọn lára láti fi sílẹ̀ nínú, nítorí oníbàárà tó lè sanra. Aṣọ ìbora kì í sanra.

Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi ilà yí aṣọ ká, agbede-méjì rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe etí. Etí tí wọ́n ti fà lábẹ́ máṣínì, tí áyọ́ọ̀nù ti gorí rẹ̀, máa ń nà ju àárín lọ. Ilà tí wọ́n bá gé ní ìwọ̀n etí kò ní jẹ́ kí aṣọ tẹ́ sílẹ̀ mọ́, á máa ru bí omi odò.

Onígun mẹ́ta tún burú jùyẹn lọ. Ó kéré tán, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kì í bá òwú aṣọ lọ tààrà, ẹ̀gbẹ́ yẹn á sì máa nà bíi rọ́bà. Wọn kì í wọ́ áyọ́ọ̀nù lórí rẹ̀: wọ́n á gbé e lé e, wọ́n á gbé e kúrò. Àmọ́ kò sí aṣáájú tó máa parí iṣẹ́ láì ní kí wọ́n ṣe onígun mẹ́ta. Ẹni tó bá ti rí etí abala agọ̀ eégún, bó ṣe gé ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín ayùn, mọ ìdí rẹ̀: bí ṣóńṣó bá ti wà létí, ojú kì í lè dúró sójú kan.

Nígbà tí aṣọ bá tó ìnṣì 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀, aṣáájú tó gbójú á gbé iṣẹ́ tó ń bani lẹ́rù jáde: ẹ gé e sí méjì. Kì í ṣe àgékù ló ń sọ o, aṣọ tí wọ́n ti ń rán bọ̀ láti oṣù méjì ni. Kí wọ́n là á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n fi ilà kan tí àwọ̀ rẹ̀ kò sí níbòmíràn sáàárín, kí wọ́n tún un rán. Ẹgbẹ́ á dákẹ́ lọ gbáà. Àwọn kan á ní iná ò sí. Àwọn kan á ní àlejò dé láti ìlú òkè. Ìdí tí iṣẹ́ yìí fi wà ni pé ohun tó ń yí àárín ká léraléra máa ń di àpótí inú àpótí, ojú á ti mọ ibi tó ń lọ kó tó débẹ̀. Ilà kan tó la gbogbo rẹ̀ já ni í tú àpótí náà. Ìbú nìkan ló sì ń fi kún, kò fi kún òòró, nítorí náà aṣọ tó dọ́gba ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fẹ̀ ju bó ṣe gùn lọ. Iṣẹ́ tó kàn ló ń yanjú ìyẹn: ẹ fi kún òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan.

Fọ́tò ní iṣẹ́ tirẹ̀, yàtọ̀ sí kí ará ẹgbẹ́ máa kan sáárá. Àwọ̀ máa ń tan ojú jẹ. Pupa àti àwọ̀ ewé lè máa bára wọn jà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ fọ́tò di dúdú-àti-funfun lórí fóònù, àwọn méjèèjì lè di eérú kan náà, ilà tí wọ́n rò pé ó hàn ketekete á pòórá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ̀ pé aṣọ náà nílò ohun tó mọ́lẹ̀ tàbí ohun tó dúdú, pé kì í ṣe àwọ̀ mìíràn ni. Fóònù tún máa ń fi hàn bóyá wọ́n ti gé àwòrán inú aṣọ wẹ́wẹ́ jù. Àdìrẹ Ìbàdàndùn ní òpó gbọ̀ngàn Mápó nínú, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929. Bí wọ́n bá gé e ní ìnṣì méjì, òpó á di ilà lásán, Ìbàdàn á sì ti jáde nínú rẹ̀. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi sílẹ̀ ní fífẹ̀, kí àwọn abùlẹ̀ kéékèèké lè rí ibi sinmi lé.

Lẹ́yìn ìpele márùn-ún tàbí mẹ́fà, iwájú aṣọ ti parí, ó ku kí wọ́n so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Òwú nínípọn tí àwọn ará ilẹ̀ olótùútù ń fi sáàárín pọ̀ jù fún Ìbàdàn, yàtọ̀ sí ìgbà ọyẹ́. Ìró òwú tó ti gbó tàbí kúbùsù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti tó. Wọ́n á tẹ́ aṣọ ẹ̀yìn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ojú rẹ̀ dà délẹ̀, wọ́n á tẹ́ ti àárín lé e, wọ́n á tẹ́ iwájú lé gbogbo rẹ̀, wọ́n á wá fi pínnì gún un ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí èkejì. Láti àárín ni wọ́n ti ń rán an lọ síta, kí aṣọ tó bá fẹ́ hun jọ lè rí ọ̀nà etí gbà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti etí á kó gbogbo ìhunjọ sí àárín, kò sì sí áyọ́ọ̀nù tó máa gbà á sílẹ̀. Ọwọ́ ni àwọn kan fi ń rán apá yìí, torí iná kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Máṣínì ẹlẹ́sẹ̀ náà dáa fún un.

Ilà ìnṣì 2.5 tí wọ́n ṣẹ́ po sí méjì ni wọ́n fi ń dé etí yí ká. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi omi tútù fọ̀ ọ́, wọ́n á sì sá a síbi tí oòrùn kò ti le jù. Bó bá gbẹ, ara rẹ̀ á ti hun jọ díẹ̀ lẹ́bàá àwọn ojú òwú, gígé tó wọ́ kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́. Àwọn àgékù tó ṣẹ́ kù á padà sínú àpò.