Ìdámẹ́rin íǹṣì ló ń jẹ kuíltì yín

Bí ẹ bá rán kuíltì tán tó wá kúrú sí ohun tí ẹ ṣírò, ẹ má tíì bá rúlà wí. Ẹ kọ́kọ́ wo ojú ìrán. Nínú ìbéèrè tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń bi mí, èyí ló wọ́pọ̀ jù: "Gbogbo ẹ̀ ni mo gé dọ́gba, kí ló dé tí kò pé?" Ó gé e dọ́gba lóòótọ́. Ìdí maṣíìnì ni íǹṣì ti sọnù.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kuíltì ni aṣọ ìbora tí wọ́n fi àbùlẹ̀ kéékèèké rán pọ̀. Ojú iṣẹ́ wà lókè, òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà láàárín, aṣọ mìíràn wà nísàlẹ̀, wọ́n á sì fi abẹ́rẹ́ gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Lọ́dọ̀ wa ní Amẹ́ríkà níbí, íǹṣì àti yáàdì ni wọ́n fi ń ṣe é. Èyí rọ àwa tí a kọ́ṣẹ́ télọ̀ nílé lọ́rùn, nítorí téèpù oníǹṣì náà ló ń wà lọ́rùn ọ̀gá wa. Àyè tí à ń fi sílẹ̀ fún rírán ló yàtọ̀. Télọ̀ ilé lè fi íǹṣì kan gbáko sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bùbá, torí ó mọ̀ pé màmá tó ni aṣọ á sanra tó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á sì ní kó bá àwọn tú u. Kuíltì kì í sanra. Ìdámẹ́rin íǹṣì, ¼ péré, ni wọ́n ń fi sílẹ̀ yí àbùlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ká, orí ¼ yẹn sì ni gbogbo ìṣirò iṣẹ́ yìí dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó rọrùn jù: àbùlẹ̀ onígun mẹ́rin lásán, 24 ní ìbú, 24 ní gígùn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ íǹṣì 3 bí a bá rán an tán. A óò gé wọn ní 3½, torí ¼ á lọ lápá ọ̀tún, ¼ á lọ lápá òsì. Àbùlẹ̀ 24 ní ojú ìrán 23 láàárín wọn. Bí ¼ bá jẹ́ ¼, ìlà kan á wọn 72½. ½ tó lé yẹn á wọlé nígbà tí a bá ń gbá etí rẹ̀. Wàyí o, ká ní ohun tí maṣíìnì yín ń jẹ ni 5/16 dípò ¼. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 1/16 íǹṣì, ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí i. Ṣùgbọ́n aṣọ méjì ni ojú ìrán kan ń jẹ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà 1/8 ló lọ níbẹ̀. 1/8 lọ́nà 23 jẹ́ 2⅞. Ìlà tó yẹ kó jẹ́ 72½ á di 69⅝. Ó kù díẹ̀ kó tó odindi àbùlẹ̀ kan tó dàwátì, bẹ́ẹ̀ ẹ kò jí aṣọ ẹnikẹ́ni gé.

Kódà ẹni tó rán ¼ géérégé ṣì lè kúrú. Bí a bá yí ojú ìrán sí ẹ̀gbẹ́ kan tí a sì lọ̀ ọ́, aṣọ á ṣẹ́ po lórí òwú tí a fi rán an, ìṣẹ́po yẹn náà á sì jẹ díẹ̀ tirẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà iṣẹ́ fi ń rán an kí ó dín sí ¼ ní ìwọ̀n fọ́nrán òwú kan tàbí méjì. Kò sí ẹni tó lè fi ẹnu sọ iye tó yẹ kí tiyín dín, torí maṣíìnì kò rí bákan náà, òwú kò sì nípọn bákan náà. Ẹ dán an wò. Ẹ gé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tí ìbú wọn jẹ́ 1½, kí gígùn wọn tó nǹkan bí íǹṣì 6. Ẹ rán wọn mọ́ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ lọ̀ wọ́n, kí ẹ wá gbé rúlà lé èyí tó wà láàárín. Íǹṣì 1 ló yẹ kó jẹ́, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Bí kò bá tó íǹṣì 1, ẹ ń jẹ aṣọ jù. Bí maṣíìnì yín bá gbà kí ẹ sún abẹ́rẹ́, ẹ sún un díẹ̀ sápá ọ̀tún. Bí kò bá gbà, ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ irin ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún abẹ́rẹ́, kí etí aṣọ máa fara ti í lọ. Ẹ tún un ṣe títí ti àárín á fi pé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má pààrọ̀ òwú láàárín iṣẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ ilé fi maṣíìnì yẹn rán yunifọ́ọ̀mù rẹ̀.

Áyọ́ọ̀nù náà ń ba ìṣirò jẹ́. Ẹ gbé e lé ojú ìrán, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e kúrò. Ẹ má fà á síwá sẹ́yìn, torí aṣọ á nà, èyí tó sì nà kì í fẹ́ padà sí àyè rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ankara ṣe é, kó kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kó tó gé e. Àwọn kan máa ń sọ àwọ̀ dà sínú omi, àwọn mìíràn á súnkì, ó sì sàn kí wọ́n ti súnkì kí rúlà tó dé ara wọn.

Rúlà tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ti igi tí a mọ̀ nílé ìwé. Ike líle tó mọ́ gaara ni, ẹ lè rí aṣọ lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí ọwọ́ ń kàn jù fẹ̀ ní íǹṣì 6, ó gùn ní 24. Ìdí tó fi gùn tó bẹ́ẹ̀ ni pé aṣọ kuíltì ilẹ̀ Amẹ́ríkà sábà máa ń fẹ̀ láti 42 dé 44. Bí a bá ká a sí méjì, ó di bíi 22, rúlà 24 á sì bò ó já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èkejì jẹ́ onígun mẹ́rin 12½, torí iṣẹ́ kan, ìyẹn àwọn àbùlẹ̀ tí a rán pọ̀ di onígun mẹ́rin ńlá kan, tí yóò jẹ́ 12 nínú kuíltì gbọ́dọ̀ jẹ́ 12½ kí a tó rán an mọ́ èkejì rẹ̀. Ọ̀bẹ róbótó tó ń yí lórí aṣọ ni wọ́n ń lò mọ́ wọn. Ilé-iṣẹ́ Olfa ní Japan ló gbé e jáde ní 1979. Kó tó dé, pátákó àpẹẹrẹ, pẹ́ńsù àti àlùmọ́gàjí ni wọ́n ń lò, àbùlẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Ọ̀bẹ náà mú ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ dé e nígbàkígbà tó bá ti kúrò lọ́wọ́ yín.

Rúlà méjì yìí ti tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Àwọn tó ní ihò, àwọn onígun mẹ́ta, àwọn alápá mẹ́fà tó ń kún ògiri ilé ìtajà, ìṣirò ni wọ́n ti bá yín ṣe sílẹ̀ tí wọ́n sì ń gbowó rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí ¼ ń lọ kò nílò ìdajì wọn. Ohun tí mo máa tẹnu mọ́ ni pé kí ẹ lo rúlà ilé-iṣẹ́ kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí ìlà kan nípọn ju èkejì lọ. Kí ẹ sì pinnu bóyá etí aṣọ á wà lábẹ́ ìlà ni àbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Ìlà tó wà lórí máàtì ìgéṣọ, ẹ má fi wọn nǹkan kan. Ó wà fún kí aṣọ lè tọ́ lásán.

Onígun mẹ́ta ló ń lé èèyàn sá. Ẹ bi àwọn tó ń rán eyín yí etí aṣọ egúngún ká. Nínú kuíltì, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni onígun mẹ́rin tí àwọ̀ méjì pín láti igun dé igun. Ohun tí gbogbo wọn há sórí ni pé kí a fi ⅞ kún iye tí a fẹ́. Bí a bá fẹ́ 3, a óò gé àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní 3⅞, a óò dá a sí méjì láti igun dé igun, a óò sì rán àwọ̀ kan mọ́ èkejì. Kí ló dé tí kì í ṣe ½ bíi ti tẹ́lẹ̀? ½ náà wà nínú rẹ̀, fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìyókù jẹ́ ti ojú ìrán tó dàgẹ̀rẹ̀. ¼ ni a rán níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá wọ̀n ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí aṣọ, ¼ tó dàgẹ̀rẹ̀ ń gba àyè ju èyí tó dúró ṣánṣán lọ, ìlọ́po rẹ̀ sì jẹ́ 1.414, gẹ́gẹ́ bí ìlà láti igun dé igun ṣe gùn ju ẹ̀gbẹ́ onígun mẹ́rin lọ. ¼ lọ́nà 1.414 jẹ́ 0.354. Ẹ fi ½ kún un, ó di 0.854. Kò sí 0.854 lórí rúlà kankan. Ìlà tó kàn lókè rẹ̀ ni ⅞, tó jẹ́ 0.875. Ibẹ̀ ni ⅞ ti wá.

Èmi kì í gé ⅞. Íǹṣì 1 gbáko ni mo ń fi kún un: fún 3, màá gé 4. Bí mo bá rán an tán tí mo lọ̀ ọ́ tán, màá gbé rúlà lé e kí ìlà ìdàgẹ̀rẹ̀ orí rúlà bá ojú ìrán mu, màá wá gé e di 3½. Aṣọ díẹ̀ ṣòfò, ṣùgbọ́n igun á mú ṣáṣá. Níbi ìpàtẹ kuíltì ńlá tó ń wáyé lọ́dọọdún ní Houston, ẹ ó rí àwọn tó mọṣẹ́ tí wọ́n á súnmọ́ iṣẹ́, wọ́n á ká ọwọ́ sẹ́yìn, ṣóńṣó onígun mẹ́ta ni wọ́n á kọ́kọ́ fojú wá.

Bí ẹ bá fẹ́ kí iṣẹ́ oníǹṣì 12 fi igun dúró, ìbú rẹ̀ á di 12 lọ́nà 1.414, ìyẹn 16.97. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ṣófo, onígun mẹ́ta ni wọ́n fi ń dí i. Fún ti ẹ̀gbẹ́, ẹ fi 1¼ kún 16.97, ẹ gé onígun mẹ́rin 18¼, ẹ dá a sí mẹ́rin láti igun dé igun. Fún ti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kuíltì, ẹ fi 1.414 pín 12, ó di 8.49, ẹ fi ⅞ kún un, ẹ gé onígun mẹ́rin 9⅜, ẹ dá a sí méjì láti igun dé igun. Ìdí tí a kò fi gé wọn bákan náà ni pé etí aṣọ tí a gé ní ìdàgẹ̀rẹ̀ ń fà. Ẹ mú un lọ́wọ́ méjèèjì, ẹ fà á, ẹ ó rí i. Gígé yìí ló ń jẹ́ kí etí tó kọjú síta jẹ́ èyí tó tẹ̀lé òwú aṣọ, kí kuíltì má baà máa fẹ́ lẹ́lẹ́ létí.

Àwọn kan á ní, "Àwọn obìnrin Gee's Bend ńkọ́?" Abúlé àwọn aláwọ̀ dúdú ni, níbi tí odò Alabama ti ṣẹ́ kọ́nà. Ṣòkòtò iṣẹ́ tó ti gbó àti àkìísà aṣọ ni ọ̀pọ̀ nínú kuíltì wọn. Ní 2002, ilé ọnà ńlá Houston pàtẹ wọn, wọ́n gba ibẹ̀ lọ sí ilé ọnà Whitney ní New York; nígbà tó sì di 2006, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àwòrán wọn sórí sítáǹpù. Ìlà wọn wọ́, ó yà, síbẹ̀ aṣọ tẹ́. Wọ́n á rán ọ̀já kan mọ́ ọn, wọ́n á tẹ́ ẹ wò, wọ́n á gé èyí tó yọ jáde, wọ́n á tún rán òmíràn. Aṣọ fúnra rẹ̀ ni rúlà wọn. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ wọn ju ọ̀pọ̀ èyí tí igun rẹ̀ mú lọ. Ṣùgbọ́n wọn kò kọ 72 sórí ìwé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti kọ ọ́, ó di dandan kó ṣírò.

Ó ku aṣọ rírà. Ká padà sí àbùlẹ̀ 24 lọ́nà 24: 576 ni, ká fi ankara dúdú ṣe 288, ká fi funfun ṣe 288. Ankara sábà máa ń fẹ̀ tó nǹkan bí 46. Bí a bá yọ etí tí wọ́n kọ orúkọ sí, ọ̀já kan tí a gé la ìbú aṣọ já á fún wa ní àbùlẹ̀ 12. Ọ̀já 24, lọ́nà 3½, jẹ́ íǹṣì 84: yáàdì 2 àti íǹṣì 12. Aṣọ Amẹ́ríkà tó bá ku 41½ lẹ́yìn tí a yọ etí rẹ̀, 11 péré ló máa fún wa. Ọ̀já á di 27, íǹṣì á di 94½. Ẹni tó ra yáàdì 2½, ìyẹn íǹṣì 90, á padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì ṣeé ṣe kí aṣọ náà ti tán. Ẹ ra 2¾.

Ti gbígbá etí kò le. 72 lọ́nà 4 jẹ́ 288, ẹ fi 12 kún un fún igun àti ìsopọ̀, ó di 300. Ẹ fi 42, ìyẹn ìbú aṣọ, pín in, ó jẹ́ 7 lé díẹ̀. Ọ̀já 8 ni kí ẹ gé, kí ìbú rẹ̀ jẹ́ 2½.