Èsì àyẹ̀wò ẹran ara: ṣé ìṣẹ́jú 20 kò tó ni?

Nígbà tí wọ́n bá gé kókó lára aláìsàn, tí ilé àyẹ̀wò sì ní kí ẹbí padà wá gba èsì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, inú a máa bí ọ̀pọ̀ wọn, pàápàá àwọn tó ti gbọ́ pé àwọn dókítà kan máa ń mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, kí aláìsàn tó kúrò lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Òótọ́ ni wọ́n gbọ́. Ibi tí wọ́n ti ṣì í ni pé wọ́n rò pé iṣẹ́ kan náà ni àyẹ̀wò méjèèjì, àti pé ìmẹ́lẹ́ ló ń mú kí èkejì pẹ́.

Ọdún 1905 ni àyẹ̀wò kíákíá yìí, tí wọ́n ń pè ní frozen section, fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ilé ìwòsàn Mayo Clinic, nílùú Rochester, ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà. William Mayo, oníṣẹ́ abẹ, ló ń fẹ́ kí àwọn tó ń yẹ ẹran ara wò máa sọ fún òun, nígbà tí aláìsàn ṣì wà níwájú òun, bóyá jẹjẹrẹ ni ohun tí òun ń gé. Louis Wilson, ọ̀kan lára àwọn tó ń yẹ ẹran ara wò níbẹ̀, ló sì wá ọgbọ́n rẹ̀ rí. Lónìí, inú ẹ̀rọ cryostat, tí òtútù inú rẹ̀ tó ìwọ̀n 20 sísàlẹ̀ òdo, ni ègé ẹran náà ti ń dì gbagidi, tí wọ́n á sì rẹ́ ẹ débi pé ó fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ. Wọ́n á kùn ún láró lórí gíláàsì, dókítà á wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù, á sì ránṣẹ́ èsì sí tíátà.

Dídì yẹn gan-an ló ní àléébù. Omi inú ẹran ara máa ń di yìnyín wẹẹrẹ, tí yóò dá ihò sára sẹ́ẹ̀lì, tí yóò sì ba ìrísí wọn jẹ́. Ọ̀rá kì í dì dáadáa. Eegun kò tilẹ̀ ṣeé gé. Ní ọ̀nà tó pẹ́, wọ́n á rẹ ẹran náà sínú fọ́málìnì, ìyẹn omi oògùn tí kì í jẹ́ kó jẹrà, wọ́n á fi ọtí líle fa omi rẹ̀ jáde, wọ́n á sì fi ìda gbígbóná dí àyè omi yẹn kí wọ́n tó gé e. Ìgbà yìí ni sẹ́ẹ̀lì máa ń hàn kedere, tí wọ́n sì lè yẹ ọ̀pọ̀ ègé wò. Nínú irú gẹ̀gẹ̀ kan, fún àpẹẹrẹ, ohun tó ń fi jẹjẹrẹ hàn ni pé kókó náà ti ya èèpo tó bò ó kọjá, ó sì lè jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló ti ya á. Ègé kan tí wọ́n fi ìkánjú gé lè ṣàì bá ojú náà pàdé.

Kí wá ni ìwúlò èyí tó yá? Ìbéèrè oníṣẹ́ abẹ ló ń dáhùn: kí ni kí n ṣe báyìí? Ẹ wo ọmọ tuntun tó ní àrùn Hirschsprung, tí kò lè yàgbẹ́ nítorí pé apá ìsàlẹ̀ ìfun ńlá rẹ̀ kò ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń darí bí ìfun ṣe ń ti ìgbẹ́ síwájú. Nígbà tí iṣẹ́ abẹ ṣì ń lọ lọ́wọ́, wọ́n á gé bíńtín lára ìfun ránṣẹ́. Bí dókítà bá ní òun kò rí sẹ́ẹ̀lì náà, oníṣẹ́ abẹ á sún sókè, á tún gé òmíràn, títí yóò fi dé ibi tí wọ́n wà, nítorí ìfun tó ní wọn ló gbọ́dọ̀ fà wálẹ̀ so mọ́ ìdí. Kò sí ẹni tó lè dúró de ọ̀la níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìdáhùn kò bá ní yí ohun tí oníṣẹ́ abẹ fẹ́ ṣe padà, dókítà tó bá kọ̀ láti ṣe é kò jẹ̀bi, torí bí kókó náà bá kéré, ó lè tán síbẹ̀ kí ti ìda tó kàn.

Yíyára kì í sì í ṣe aláìsàn lóore nígbà gbogbo. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń kun obìnrin tó ní kókó lọ́mú lóorun, wọ́n á ṣe frozen section, bó bá sì jẹ́ jẹjẹrẹ, wọ́n á gé ọmú náà lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tó bá jí ni yóò mọ̀. Rose Kushner, oníròyìn tí òun náà ní àrùn yìí, wà lára àwọn tó ta kò ó gidigidi. Ní 1979, ìpàdé àwọn amòye tí National Institutes of Health, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwádìí ìlera, pè dámọ̀ràn pé kí wọ́n ya àyẹ̀wò sọ́tọ̀, kí obìnrin lè kọ́kọ́ gbọ́ èsì, kó sì bá dókítà jíròrò.

N kò tìtorí èyí sọ pé gbogbo ìdúró ló tọ́. Fọ́málìnì àti ìda lè gba ọjọ́ mélòó kan. Eegun, tí wọ́n ní láti fi ásíìdì rọ̀, àti kókó tó nílò aró àkànṣe lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí èsì ẹran rírọ̀ lásán bá wá wọ ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹbí lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tó dá a dúró.