Kí ni HRC tí wọ́n kọ sára páálí ọ̀bẹ?

Lóṣù tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ti Kùtọnù wá kí mi ní Àjàṣẹ́, ó sì gbé páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan lé mi lọ́wọ́. Ọ̀bẹ ìdáná ló wà nínú rẹ̀, ó ń dán gbinrin. "Tántì, ẹ wo nọ́ńbà yìí," ló wí, ó nawọ́ sí igun páálí níbi tí wọ́n kọ "61 HRC" sí. "Ẹni tó tà á fún mi ní bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ga tó ni ọ̀bẹ ṣe dáa tó." Owó ńlá ló san. Mo dúpẹ́, mo súre fún un, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, torí mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ń ta ọ̀bẹ ní ọjà Ouando ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn ìyá tó ń dáná tà ń fi owó oṣù méjì ra ohun tí kò bá iṣẹ́ wọn mu, nítorí wọ́n rò pé máàkì ni nọ́ńbà yẹn, bí èyí tí olùkọ́ ń fún ọmọ ilé-ìwé.

Kì í ṣe máàkì. Ohun tó ń wọ̀n ni bí irin ṣe le tó, ìyẹn bí ojú irin ṣe lágbára tó láti kọ̀ kí ohun mìíràn tẹ̀ ẹ́ wọnú. R inú HRC ni Rockwell. Stanley Rockwell àti Hugh Rockwell, ará Amẹ́ríkà méjì tó ń ṣiṣẹ́ ní Connecticut, nílé iṣẹ́ tó ń ṣe àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké tó ń mú ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí geere, ni wọ́n ronú ẹ̀rọ tó ń wọn líle irin yìí. Wọ́n fẹ́ ọ̀nà tó yá láti mọ̀ bóyá irin ti le tó kí wọ́n tó gbé ọjà jáde. Ọdún 1914 ni wọ́n mú ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ bá ìjọba wọn, ìjọba sì fọwọ́ sí i ní 1919. C tó gbẹ̀yìn ni orúkọ òṣùwọ̀n kan láàárín ọ̀pọ̀. Ti irin líle ni C.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò nira láti lóye. Wọ́n á mú dáyámọ́ńdì tí wọ́n gbẹ́ ṣóńṣó, wọ́n á fi ṣóńṣó náà lé ojú irin, wọ́n á fi ìwúwo kílò 10 tẹ̀ ẹ́ kó lè fìdí kalẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi kún un títí á fi di kílò 150. Wọ́n á tún dín in kù padà sí 10, wọ́n á wá wo bí ihò tó ṣẹ́ kù ṣe jìn tó. Orí 100 ni wọ́n ti ń kà wálẹ̀: gbogbo 0.002 mìlímítà tí ihò náà bá jìn, wọ́n á yọ ẹyọ kan. Irin tó bá jẹ́ 56, ihò rẹ̀ jìn ní 0.088 mìlímítà. Èyí tó bá jẹ́ 61, 0.078. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó ìnípọn irun orí kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀bẹ, níbi tí irin ti tín-ín-rín jù, ìyàtọ̀ yẹn ló ń pinnu bí ọ̀bẹ á ṣe kú.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ẹnu ọ̀bẹ ń gbà bàjẹ́. Ó lè tẹ̀, ó sì lè fọ́. Ẹ ronú sí amọ̀ tútù àti ìkòkò tó ti jinná. Bí ẹ bá fi ìka ti amọ̀ tútù, á tẹ̀, ẹ sì lè fi ìka kan náà dá a padà. Ìkòkò kì í tẹ̀. Ọjọ́ tí ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ bá kàn án, ṣe ló máa fọ́, kò sì sí ìka tó lè dá ìyẹn padà. Irin tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ń ṣe bí amọ̀, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga ń ṣe bí ìkòkò.

Agbẹ̀dẹ ni mo ti kọ́kọ́ rí èyí, kí n tó mọ̀ pé ẹnìkan fún un ní nọ́ńbà. Kétu ni wọ́n bí mi sí, agbẹ̀dẹ kan sì wà nítòsí ilé wa tí a máa ń lọ dúró sí bí a bá ti ilé-ìwé dé. Irin súpúrín ọkọ̀ akẹ́rù tó ti gbó ni bàbá yẹn fi ń rọ àdá àti ọ̀bẹ. Ọmọ á máa fẹ́ ẹwìrì títí irin á fi pọ́n bí ẹ̀yin iná, bàbá á lù ú, á tún dá a padà sínú iná, nígbà tí ó bá sì ti ní àwòrán ọ̀bẹ, á gbé e pọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, á rì í bọmi, á dún ṣììì. Èmi rò pé iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Kò tíì parí rárá. Ọ̀bẹ tó jáde nínú omi yẹn le tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bó bá bọ́ lu òkúta, ó lè dá sí méjì. Bàbá á fi yanrìn ha ojú rẹ̀ kó mọ́, á wá gbé e sún mọ́ iná díẹ̀díẹ̀, láì jẹ́ kó wọnú ẹ̀yin iná, á máa wò ó. Àwọ̀ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú irin, àwọ̀ koríko gbígbẹ. Bó bá ti rí i, á mú un kúrò. Ìgbóná kejì yẹn ló ń dín líle irin kù díẹ̀, kó lè fara da iṣẹ́. Bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti dára, á fi fáìlì ha á: bí fáìlì bá ń yọ̀ lójú rẹ̀, ó le, bí fáìlì bá ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ iṣu, á dá a padà sínú iná.

Ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe ní àwọn ìlú tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀bẹ, bí Solingen ní Jámánì, Thiers ní Faransé àti Seki ní Japan, kò yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń wo ìgbóná gba ipò ojú bàbá, dáyámọ́ńdì gba ipò fáìlì. Ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ ìdáná ilẹ̀ Yúróòpù wà láàárín 54 sí 58. Àwọn ti Japan sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 60 lọ sókè. Àwọn ará Japan ń pọ́n tiwọn tín-ín-rín gan-an, wọ́n sì ń fi í gé ẹja tí kò ní egungun àti ẹ̀fọ́, lórí pákó tó rọ̀. Fún iṣẹ́ yẹn, irin líle dára púpọ̀: ẹnu rẹ̀ á mú, á sì pẹ́ kó tó kú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ilé ìdáná tiwa. Ẹja tó ṣì dì gbagidi láti inú yìnyín. Egungun ẹran ewúrẹ́. Iṣu. Orí adìẹ. Ọmọdébìnrin tó ń bá wa ṣiṣẹ́ tí yóò fi ọ̀bẹ ṣí agolo tòmátì nígbà tí ẹ bá kọ ẹ̀yìn sí i. Mo ti ní ọ̀bẹ líle kan rí, ẹnìkan ló fi ta mí lọ́rẹ láti òkè òkun. Ní àsè ìsìnkú kan, wọ́n fi í gé ẹja dídì, wọ́n ń yí i bí ẹni ń yọ èèpo igi. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ tán, ẹnu rẹ̀ ti di eyín ayùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi lọ̀ ọ́ lórí òkúta kí ihò wọ̀nyẹn tó tán, ọ̀bẹ náà sì kéré sí i. Ọ̀bẹ tí mo rà ní 4,500 sẹ́fà lọ́jà, tí wọ́n kọ 56 sí, wà níbi àsè kan náà, ó gé ẹja kan náà. Ẹnu rẹ̀ tẹ̀. Mo tún un ṣe kí omi tó hó.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé 55 sí 57 ló bá wa mu. Ẹni tó ń dáná tà kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nípa irú ọ̀bẹ yìí ni pé lọ́pọ̀ ìgbà tí a bá ní ó ti kú, kò tíì kú. Ẹnu rẹ̀ ló dojú kọ ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ ti rí ọ̀pá irin gígùn tó ní èèkù, tí àwọn alápatà fi ń ha ọ̀bẹ? Ọ̀pá yẹn kì í pọ́n ọ̀bẹ ní tòótọ́. Irin díẹ̀ báyìí ló lè hó kúrò. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti mú ẹnu tó tẹ̀ dúró padà. Ẹ fi orí ọ̀pá náà ti orí pákó, ẹ di èèkù rẹ̀ mú kó dúró ṣánṣán, kí ẹ fa ọ̀bẹ wálẹ̀ lára rẹ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gbẹ́ òsì lẹ́ẹ̀kan, nígbà márùn-ún-márùn-ún. Jẹ́jẹ́ ni o. Kò sí ìdí láti máa jù ú fìrìfìrì. Ẹ má sì ṣe é fún ọ̀bẹ tó lé ní 60, torí ẹnu ọ̀bẹ náà lè fọ́.

Tí ọ̀pá kò bá ràn án mọ́, àkókò òkúta ti tó nìyẹn. Òkúta ìpọ́nbẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ náà, kò sì bá HRC tan: bí ojú òkúta ṣe kúnná tó ni ó ń sọ. 400 rí ṣákaṣàka, fún ọ̀bẹ tó ti bàjẹ́. 1000 ni ti ojoojúmọ́. Ẹ rẹ ẹ́ sómi, kí ẹ gbé e lórí aṣọ tútù kó má baà yọ̀. Ohun tó ń ká àwọn ènìyàn láyà ni bí ọ̀bẹ á ṣe dagun tó lórí òkúta. Dígírì 20 ni wọ́n ń wí, ta ló ní ohun èlò tó ń wọ̀n dígírì nílé ìdáná? Bí ojú ọ̀bẹ yín bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ààbọ̀, ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò lórí òkúta ní sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀, bí ìbú ìka kan. Ibẹ̀ ni 20 wà. Ẹ máa pọ́n ẹ̀gbẹ́ kan títí ẹ ó fi fọwọ́ bà á ní òdì kejì, kí ọwọ́ máa ti ẹ̀yìn ọ̀bẹ bọ̀ síta, tí ẹ ó sì rí i pé irin tín-ín-tín kan ti yọ níbẹ̀ bí irun, ó ń kọ́ ìka. Ìgbà náà ni kí ẹ yí i padà. Bí irun irin yẹn kò bá yọ, ẹ kò tíì dé ẹnu ọ̀bẹ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lásán lẹ ń ha.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ ìpọ́nbẹ kiri àdúgbò. Iṣẹ́ wọn dára, mo sì ń pè wọ́n fún àdá. Ṣùgbọ́n bí òkúta bá ń yí kíákíá láìsí omi, ẹnu ọ̀bẹ á gbóná. Bí ẹ bá rí àwọ̀ aró tó jáde lẹ́nu ọ̀bẹ, ìgbóná ibẹ̀ ti tó nǹkan bí dígírì 300, ó ti ju èyí tí alágbẹ̀dẹ fẹ́ lọ. Nọ́ńbà tó wà lára páálí kì í ṣe nọ́ńbà ibẹ̀ mọ́. Irin ti rọ̀, bẹ́ ẹ bá tilẹ̀ pọ́n ọn lónìí, á kú lọ́la. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa rì í bọmi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ gba ọ̀bẹ yín.

Lọ́jà ńkọ́, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ kò ti ní nọ́ńbà kankan lára? Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Gbogbo ọ̀bẹ ló sì ń dán. Ọ̀rọ̀ "Inox" tí wọ́n kọ sí i kò sọ púpọ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kúrómíọ̀mù inú irin náà pọ̀ tó, ó kéré tán 10.5 nínú 100, kí ó má baà tètè dípẹtà. Ṣíbí náà jẹ́ Inox. Èmi máa ń mú òòfà dání, èyí tí mo yọ lẹ́yìn rédíò tó bàjẹ́. Irin tí wọ́n lè fi iná mú le, òòfà á fà á. Ojú ọ̀bẹ tí òòfà kò bá fà, irin ṣíbí ni, ẹ má rà á. Bó bá fà á, ìyẹn nìkan kò fi hàn pé ó dára, ṣùgbọ́n ó kọjá ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá rí X50CrMoV15 tí wọ́n kọ sójú rẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀: 50 ń sọ pé kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí irin lè le, jẹ́ ìdajì ẹyọ kan nínú 100, 15 sì ni ti kúrómíọ̀mù. Irin tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Jámánì ń lò nìyẹn, àwọn mìíràn sì ń fi í ṣe ọ̀bẹ tí kò wọ́n. Ẹ gbé ẹnu ọ̀bẹ sókè sí ọ̀gangan ojú yín kí ẹ wò ó bí ẹni ń wo ìbọn, kó má wọ́. Ẹ wò ó pé kò sí àlàfo láàárín èèkù àti irin, torí omi ẹja á máa wọbẹ̀, á máa rùn.

Ìtọ́jú kò gba àkókò. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, ẹ nù ún gbẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má jù ú sínú àwo ńlá tí ìkòkò wà. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni kí ẹ fi kó àlùbọ́sà jọ lórí pákó, kì í ṣe ẹnu. Pákó igi tàbí ti rọ́bà, ẹ má gé nǹkan lórí dígí tàbí àwo tánganran. Àdá ni ti egungun. Páálí tí ẹ ká, tí ẹ fi okùn dì, tó láti fi ṣe àkọ̀.

Ọ̀bẹ 61 ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lórí pẹpẹ lókè, nínú páálí rẹ̀. Èmi nìkan ló ń mú un, fún ẹ̀fọ́ àti àlùbọ́sà, ó sì ń gé ewédú wẹ́wẹ́ débi pé ìjábẹ̀ kì í ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Èyí tí mo rà ní 4,500 ni ó wà nídìí ààrò.