Báakùpù yín wà níbẹ̀, kí lẹ máa fi ṣí i?

Lọ́sẹ̀ yìí nìkan, èèyàn mẹ́ta ló ti gbé háàdì dísìkì tí ẹ̀dà gbogbo ohun inú láptọ́ọ̀pù wọn wà lórí ẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù n'Íkẹjà, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Ẹnjiníà, mo ní báakùpù o, ẹ ṣáà bá mi dá a padà sínú láptọ́ọ̀pù." Mo ní ó dáa, fúláàṣì tá a máa fi gbé láptọ́ọ̀pù tó kú dìde dà? Kẹ́kẹ́ pa. Ọ̀kan tiẹ̀ ní òun ti ṣe é rí, àmọ́ òun ti nù ún, òun ti kó orin sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Sọ́fúwíà tó ṣe báakùpù yẹn, inú Windows ló ń gbé, Windows ọ̀hún ló sì kú yẹn, ta ló wá fẹ́ bá yín ṣí i? Fúláàṣì yẹn ló gbé Windows kékeré kan dání tí wọ́n ń pè ní WinPE, inú ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà á ti dìde láì wo ojú dísìkì tó bàjẹ́ rárá, ibẹ̀ lẹ ó wá ti da báakùpù yín sórí dísìkì tuntun.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ò le, mi ò ní jókòó ti ìyẹn. Àwọn sọ́fúwíà báakùpù bíi Macrium àti Veeam, kálukú ló ní tiẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ lo fúláàṣì tí nǹkan pàtàkì ò sí lórí ẹ̀ torí ó máa nù ún mọ́, ó parí. Recovery Drive tí Windows ń ṣe fúnra ẹ̀ náà dáa, ẹ wá 16GB fún un ó kéré tán, àmọ́ kò kó fáìlì yín dání o, Windows nìkan ló máa bá yín tún gbé kalẹ̀, kò sì ní ṣí báakùpù tí Macrium ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ lọ́wọ́ mi ni pé kẹ́ ẹ bọ́ọ̀tù ẹ̀ wò, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ fi fúláàṣì yẹn tan láptọ́ọ̀pù wò! Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe é gan-an, nígbà tí ara láptọ́ọ̀pù ṣì le, ẹ pa á, ẹ ki fúláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ tàn án, ẹ máa tẹ F12 tó bá jẹ́ Dell tàbí Lenovo, F9 tó bá jẹ́ HP, kẹ́ ẹ mú fúláàṣì níbẹ̀. Bó bá gbé ojú ẹ̀ wá, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ wò ó bóyá ó rí nǹkan méjì, dísìkì inú láptọ́ọ̀pù àti háàdì dísìkì tí báakùpù wà lórí ẹ̀. Láti ìgbà Intel 11th gen, VMD, ètò Intel tó ń darí dísìkì, wà ní títàn nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, fúláàṣì tí kò bá ní dráfà Intel RST, sọ́fúwíà tó ń jẹ́ kí Windows rí dísìkì bẹ́ẹ̀, á dìde dáadáa, á wá ní òun ò rí dísìkì kankan. Dísìkì wà níbẹ̀ o, ojú fúláàṣì ni ò tó o. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo pé orí láptọ́ọ̀pù yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ ti ṣe fúláàṣì ẹ̀, kì í ṣe orí ti ẹ̀gbọ́n yín, kó lè kó dráfà tó bá a mu. Àwọn kan á lọ pa VMD nínú BIOS, ètò tó máa ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó dìde, dísìkì á fojú hàn lóòótọ́, wọ́n á da báakùpù padà, Windows á wá kọ̀ kò ní dìde, wọ́n á ní báakùpù oníbàárà ló bàjẹ́. Irọ́ ni, àwọn ni ò mọṣẹ́.

Fúláàṣì ayédèrú náà ńkọ́, èyí tí wọ́n kọ 128GB sí lára tí inú ẹ̀ ò sì tó 8? Á máa gba gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kó sí i, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kà á lẹ máa mọ̀. Sọ́fúwíà kan tó ń jẹ́ H2testw ni mo fi ń dán tèmi wò, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ sì jọ̀wọ́, ta ló ní kẹ́ ẹ máa gbé háàdì dísìkì sínú fírísà? Mo ti rí méjì lọ́dún yìí, tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù wé bí ẹja. Ohun tútù tó bá bọ́ sínú ooru, omi á sẹ̀ sí i lára, inú dísìkì yẹn ò sì gba eruku pàápàá, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ omi. Ọdún 14 rèé tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, mi ò fi fírísà tún nǹkan kan ṣe rí.

Àmọ́ èyí tó ń dùn mí jù kì í ṣe ti aláìgbọràn. Àǹtí kan tó jẹ́ akọ̀wé owó fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, gbogbo ohun tí mo sọ yìí ni wọ́n ṣe. Báakùpù ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, fúláàṣì wà lọ́tọ̀, wọ́n sì ti bọ́ọ̀tù ẹ̀ wò. SSD, dísìkì inú láptọ́ọ̀pù wọn, kú lójijì, wọ́n gbé e wá, mo fi tuntun sí i, fúláàṣì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, inú mi dùn débi pé mo pe àwọn ọmọṣẹ́ mi kí wọ́n wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo wá tẹ háàdì dísìkì tí báakùpù wà, ó ní kí n kọ páṣíwọ́ọ̀dù. BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa.

"Àǹtí, páṣíwọ́ọ̀dù ẹ̀ ńkọ́?"

"Kì í bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi o."

Òótọ́ ni wọ́n sọ, láptọ́ọ̀pù wọn ló ti ń ṣí i fúnra ẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti tì í, wọn ò kọ páṣíwọ́ọ̀dù yẹn mọ́ láti ọjọ́ náà. Kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48 tí wọ́n fi ń ṣí i béèyàn bá gbàgbé, wọ́n tọ́jú ẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù tó kú yẹn. Ẹ̀dà ẹ̀ wà nínú báakùpù, báakùpù sì rèé, títì pa. Kò sí ẹnjiníà tó lè fọ́ ìyẹn, ẹni tó bá ní òun lè fọ́ ọ, owó yín ló ń wá. Ẹ mú bírò lónìí, ẹ kọ nọ́ńbà 48 yẹn sórí ìwé, ẹ fi sínú báàgì tẹ́ ẹ ń kó sẹtifíkéètì sí.

A jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n ń dán orúkọ ọmọ wò, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà fóònù àtijọ́. Gbogbo owó tí àwọn aláta àti aláṣọ yá, tí wọ́n dá padà, inú ibẹ̀ ló wà. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ṣì ń gba káàdì lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè tún ìṣirò náà kọ.