Kátítà síkáànì inú iṣan ẹ̀jẹ̀

Kátítà síkáànì inú iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ rọ́bà gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ìró ya àwòrán wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Dókítà ọkàn máa ń tì í gba inú iṣan ọrùn ọwọ́ tàbí ti itan, títí yóò fi dé ibi tó fẹ́ wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn fúnra rẹ̀ ló fẹ́ wò. Ògiri iṣan ni ẹ̀rọ náà ń fi hàn, ní ìpele-ìpele, pẹ̀lú ohunkóhun tó bá dì mọ́ ọn. IVUS ni àwọn oníṣègùn ń pè é.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ìró tó ń lò kò yàtọ̀ ní ìpìlẹ̀ sí ti síkáànì tí wọ́n ń ṣe fún aláboyún ní Kàbà, Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀. Ẹni tó bá ti pariwo sí àwọn àpáta Ògìdì rí mọ̀ pé èyí tó wà nítòsí máa ń tètè dáni lóhùn, tí gbohùngbohùn èyí tó jìnnà á sì pẹ́ kó tó dé. Nínú ẹran ara, ìró ń rin nǹkan bíi mítà 1,540 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kọ̀ǹpútà á wo iye àkókò tí ìró fi lọ tó sì fi padà, á fi mọ bí ohun tó kàn ṣe jìnnà tó, á sì fi àmì sí ojú àwòrán.

Kírísítálì tó máa ń gbọ̀n bí iná mànàmáná bá kàn án ló ń mú ìró náà wá. Bí ìró bá padà wá lù ú, òun náà á tún mú iná jáde. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní ilẹ̀ Faransé, Jacques àti Pierre Curie, ló ṣàwárí ní 1880 pé bí a bá tẹ irú kírísítálì bẹ́ẹ̀, iná á jáde lára rẹ̀.

Síkáànì ikùn sábà máa ń lo ìró 2 sí 5 MHz, ìyẹn gbígbọ̀n mílíọ̀nù 2 sí 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti inú iṣan ń lo 20 sí 60 MHz. Bí gbígbọ̀n bá ṣe pọ̀ tó ni àwòrán ṣe ń mọ́ tó, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni ìró ṣe ń tètè rẹ̀. Èyí kò ṣe nǹkan kan níbi tí ohun tí a fẹ́ wò kò ti jìnnà ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbé irú ìró bẹ́ẹ̀ lé ikùn aláboyún kò ní rí ọmọ rárá.

Oríṣi méjì

Oríṣi kan ní kírísítálì kan ṣoṣo lórí wáyà tó ń yí. Mọ́tò tó wà níta ara ló ń yí wáyà náà, nǹkan bí ìgbà 1,800 ní ìṣẹ́jú kan, tí àwòrán 30 á fi máa jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. OptiCross ti Boston Scientific wà lára irú èyí. Oríṣi kejì kò ní ohun tó ń yí. Ègé kírísítálì 64 ló yí ṣóńṣó rẹ̀ ká, kọ̀ǹpútà ló sì ń pín iṣẹ́ fún wọn. Eagle Eye Platinum ti Philips, tó ń lo 20 MHz, jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀.

Àwòrán èyí tó ń yí sábà máa ń mọ́ jù, àmọ́ ó ní ìnira tirẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi omi iyọ̀ lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí wọ́n tó lò ó, nítorí ìró kì í la afẹ́fẹ́ kọjá dáadáa. Níbi tí iṣan bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́, wáyà lè máa há, kí àwòrán sì lọ́. Èyí tí kì í yí bọ́ lọ́wọ́ wàhálà wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ohun tó bá sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí kì í hàn kedere. Méjèèjì kò nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ, wáyà atọ́nà tó tinrin ju ìdajì mìlímítà ni wọ́n ń tẹ̀ lé wọlé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìtàn

Ní Rotterdam, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Nicolaas Bom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe kátítà tó ní kírísítálì 32. Inú yàrá ọkàn ni wọ́n fẹ́ fi wò. Mìlímítà 3 ni ìpọn rẹ̀, kò sì lè wọ iṣan tó ń bọ́ ọkàn. Ní àwọn ọdún 1980 ni Paul Yock, dókítà ọkàn ní Amẹ́ríkà, gbé èyí tó tinrin jáde. Kí ọdún mẹ́wàá náà tó parí, wọ́n ti ń rí àwòrán inú iṣan ọkàn èèyàn alààyè.

Ohun tó ń fi hàn tí X-ray kì í fi hàn

Kí irinṣẹ́ yìí tó dé, oògùn olómi tó ń hàn nínú X-ray nìkan ni dókítà gbára lé. Oògùn náà ń fi ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà hàn, kò sọ nǹkan kan nípa ògiri. Seymour Glagov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi hàn ní 1987 pé bí ọ̀rá bá ń dì sínú ògiri iṣan ọkàn, iṣan náà máa ń kọ́kọ́ fẹ̀ síta. Ihò rẹ̀ kì í fún títí ìdọ̀tí yóò fi gba nǹkan bíi 40 nínú ọgọ́rùn-ún àyè. Iṣan aláìsàn lè tipa bẹ́ẹ̀ dà bí èyí tó pé lójú X-ray.

Lójú IVUS, ọ̀rá rírọ̀ máa ń ṣú, ẹran líle máa ń mọ́lẹ̀, kálísíọ́mù á sì tàn yòò pẹ̀lú òjìji dúdú lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á gbé kátítà kọjá ibi tó fún, lẹ́yìn náà mọ́tò á máa fà á padà díẹ̀díẹ̀, nǹkan bíi ìdajì mìlímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó ń jáde kúrò nínú èyí ni ìwọ̀n: bí iṣan ṣe fẹ̀ tó, bí ibi tó bàjẹ́ ṣe gùn tó. Ìwọ̀n yẹn ni wọ́n fi ń yan sítẹ́ǹtì, agbọ̀n wáyà kékeré tó ń gbé iṣan ró kó má pa dé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ki sítẹ́ǹtì sínú, wọ́n á tún wò ó bóyá ó ṣí dáadáa, nítorí sítẹ́ǹtì tí kò ṣí tán lè fa ẹ̀jẹ̀ dídì. Ní ọ̀pọ̀ iṣan ọkàn, wọ́n ń fẹ́ kí àyè ibi tó fún jù nínú sítẹ́ǹtì ju mìlímítà onígun mẹ́rin 5.5 lọ.

Ẹ̀rí ti pọ̀ lórí èyí. Ìwádìí IVUS-XPL ní Kòríà Gúúsù, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015, lo aláìsàn 1,400. ULTIMATE ní Ṣáínà, 2018, lo 1,448. Nínú méjèèjì, iṣẹ́ tí wọ́n fi IVUS tọ́nà kì í tètè bàjẹ́ bíi ti X-ray nìkan.

Irinṣẹ́ mìíràn, OCT, ń lo ìmọ́lẹ̀ dípò ìró. Àwòrán rẹ̀ mọ́ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá, àmọ́ kì í rí ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi oògùn X-ray lé ẹ̀jẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀. Fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára, tí oògùn náà lè pa lára, IVUS ló sàn. Wọ́n tún ń lò ó nínú iṣan ńlá ìbàdí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ padà, pàápàá ti òsì, níbi tí iṣan mìíràn ti lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun ẹ̀yìn kí ẹsẹ̀ sì máa wú.

Ewu rẹ̀ kò wọ́pọ̀: iṣan lè sún kì, tàbí kí inú rẹ̀ ya.

Ní ìwọ̀ oòrùn Kogí

Láàárín àwọn Ọ̀kun, ìyẹn Yàgbà, Owé, Bùnú, Ìjùmú àti Ọ̀wọ́rọ̀, síkáànì orí ara ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀ ti wà láti 1952. IVUS ní tirẹ̀ nílò yàrá tó ní X-ray tó ń ṣiṣẹ́ láìdáwọ́dúró, dókítà tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ àti iná tí kì í lọ. Ìlú ńlá bíi Abuja àti Èkó ni irú yàrá bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù.

Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ọkàn ni ó kàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń fa kí ọkàn máa kùnà jù ní Nàìjíríà, síkáànì ọkàn láti ìta àyà ló sì bá irú èyí mu. Àwọn tí IVUS kàn ni àwọn tí iṣan ọkàn wọn fún, tí àyà ń dùn bí wọ́n bá gòkè tàbí tí wọ́n bá ń kọ ebè.

Ẹni tó bá ti gba sítẹ́ǹtì lókèèrè, tó sì padà sí Mọ̀pà tàbí Ìyàrà, sábà máa ń lo aspirin àti clopidogrel, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, fún oṣù púpọ̀, dókítà ilé ló sì máa ń bójú tó o. Ìwé àbájáde rẹ̀ á sọ iṣan tí wọ́n ṣe, bí sítẹ́ǹtì ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe gùn tó. Bí wọ́n bá lo IVUS, á tún sọ ibi tó fún jù nínú sítẹ́ǹtì náà. Bí àyà bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, nọ́ńbà wọ̀nyí ni dókítà tó bá fẹ́ tún wọ inú iṣan náà yóò kọ́kọ́ béèrè.